Dísìkì Tó Wà Lójú Oórì Bàbá Ògúnjọbí

Ẹ má bínú bí ohùn mi bá rí bí ohùn ẹni tó ti rẹ̀. Ó rẹ̀ mí lóòótọ́. Ọkọ mi ní kí n má kọ ìtàn yìí ránṣẹ́ sí yín, ó ní ẹnu àwọn ará Àjà-Wẹ̀rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sinmi lórí ọ̀rọ̀ mi ni. Mo ní kí ó jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi, nítorí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lójú ọ̀nà oko dùn ju bó ṣe ṣẹlẹ̀ lọ.

Sàlímátù ni orúkọ mi. Ẹ̀bá títì tó lọ sí Pọ́bẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mo sì ń ya fídíò níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Ní agbègbè wa, èmi nìkan ni obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ náà, mo sì fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ ọ́ sí mi létí. Bí ọkùnrin kan bá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí Ìkpinlẹ̀ tí wọn ò rí i ṣe, tó wá gbé e wá bá mi, inú mi máa ń dùn ju ohun tó máa san fún mi lọ. Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà kan, nígbà tí òjò ọdún tó kọjá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí zẹ́mì, alùpùpù akérò, níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó fi ògbólógbòó aṣọ di kọ̀ǹpútà kan mọ́ra bí ẹni tó ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Oyèfúnkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Pélagie ni gbogbo wa ń pè é. Kpúlú ló ti wá. Epo pupa ló ń ṣe tà, mo sì ti ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ó ní ẹ̀rọ náà ò ṣí mọ́. Ti ọmọ rẹ̀ Pélagie ni, tó wà ní yunifásítì ní Kútọnu. Ó fi í sílẹ̀ sílé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Mo ní kò le, kí ó padà wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Kò dìde. Ó jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi etí aṣọ nu ọwọ́.

"Ìyá Fàdílátù," ó ní, "ohùn bàbá mi wà nínú ẹ̀rọ yẹn o."

Mo ní kí ó là á yé mi. Bàbá rẹ̀, Bàbá Ògúnjọbí, ti kú nígbà ọyẹ́. Kí ó tó kú, ó pe Pélagie wọ yàrá, ó ní kí ó gbé fóònù rẹ̀ sókè kí ó ya òun, nítorí òun fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí oko ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn odò. Oko ọ̀pẹ yẹn ni Ìyá Pélagie fi ń jẹun. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú tó ti padà sílé bàbá rẹ̀ ló ti ń ṣán abẹ́ ọ̀pẹ náà, tó ń gbé ẹyìn rẹ̀ wálé, tó ń fi epo rẹ̀ rán ọmọ níwèé. Ṣùgbọ́n obìnrin ni. Àbúrò rẹ̀ Fákẹ́yẹ, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, ló jẹ́ ọkùnrin, ó sì ti ń sọ káàkiri pé ilẹ̀ kì í tẹ̀lé obìnrin. Ẹbí ò tíì jókòó pín ogún. Ọjọ́ tí wọ́n bá jókòó ni Pélagie àti ìyá rẹ̀ fẹ́ gbé fídíò náà jáde.

Mo béèrè fóònù tí wọ́n fi yà á. Ó ní wọ́n ti jí i lọ́wọ́ Pélagie ní Kútọnu. Inú kọ̀ǹpútà yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ bàbá kù sí.

Mo bi í bóyá òun náà ti wò ó. Ó mi orí.

"Pélagie ló wò ó. Èmi ò lè wo òkú kó máa bá mi sọ̀rọ̀."

Mo fọwọ́ sọ̀yà. Mo ní kí ó lọ fọkàn balẹ̀, pé ohun tó bá ti dé ọwọ́ Sàlímátù ti délé. Ó dúpẹ́, ó gun zẹ́mì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ yìí, kí ẹ lè mọ ibi tí mo ti ṣìnà. Gbogbo ohun tí ènìyàn bá kó pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà, inú dísìkì ló wà, irin pẹlẹbẹ kan tó tó àtẹ́lẹwọ́. Wáyà méjì ló ń lò. Ọ̀kan ń gbé iná wá fún un. Èkejì jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, pupa ni lọ́pọ̀ ìgbà. Òun ni a ń pè ní sátà, òun ni ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé tó ń gbà jáde. Orí kejì wáyà sátà yìí ni a ń kì bọ ihò lára pátákó ńlá inú ẹ̀rọ. Ihò kìíní wà, ihò kejì wà. Ẹ̀rọ kì í wo ojú dísìkì kí ó mọ ẹni tó ni ín, ihò tí wọ́n kì í bọ̀ ló fi ń mọ̀ ọ́n.

Nítorí èyí ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Pọ́bẹ̀ ṣe máa ń so òwú mọ́ dísìkì oníbàárà kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Òwú lásán ni, irú èyí tí àwọn aránṣọ ń gbá dànù. Ó máa ń sọ pé ojú lè tan ni, òwú ò lè tan ni. Nígbà tí mo dá dúró, mo so òwú fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà mo pa á tì. Mo rò pé iṣẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ ni.

Mo ṣí ẹ̀rọ náà. Dísìkì rẹ̀ ò ní àrùn kankan. Ètò tó ń gbé ẹ̀rọ dìde ló bàjẹ́. Ohun tí a máa ń ṣe nìyí: a ó wá dísìkì kejì, a ó da ẹrù oníbàárà sí i, a ó pa tirẹ̀ rẹ́, a ó tún ètò tuntun tò sínú rẹ̀, a ó sì kó ẹrù padà. Mo ní dísìkì àlòkù kan tí mo rà ní Kútọnu. Ó bá tiwọn dọ́gba, ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe àwọn méjèèjì. Mo tẹ́ wọn sórí aṣọ lórí tábìlì, mi ò de bóòtì kankan. Mo ki tiwọn bọ ihò kìíní, mo ki tèmi bọ ihò kejì, mo fi kílé, igi kékeré tí a ń kì bọ etí ẹ̀rọ, gbé e dìde.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹrù, mo ní kí n wò bóyá fídíò náà pé. Bàbá Ògúnjọbí jókòó sí etí ibùsùn, fìlà rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó kọ́kọ́ bi Pélagie bóyá fóònù ti ń gbọ́ òun. Ó pe orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti bàbá bàbá rẹ̀. Ó ní oko ọ̀pẹ ẹ̀yìn odò, Oyèfúnkẹ́ ni òun fún, kí ẹnikẹ́ni má bá a dù ú, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ló tún un ṣe nígbà tí àwọn ọkùnrin sá lọ sí ìlú. Ó sinmi. Ó tún sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, ó wá ní kí wọ́n fún òun lómi.

Mo pa á. Omi bọ́ lójú mi díẹ̀, mi ò ní purọ́.

Bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni òjò dé. Ṣọ́ọ̀bù mi ń jò, ibi tí tábìlì wà gan-an ló sì ti ń jò jù. Mo fa gbogbo wáyà yọ, mo kó dísìkì méjèèjì sínú abọ́, mo gbé ẹ̀rọ lọ sí ìdí ògiri. Nígbà tí òjò dá, mo kírun Àílà, mo padà wá tò wọ́n. Wọ́n jọra bí ìbejì. Mo ki ọ̀kan bọ ihò kìíní, mo ki èkejì bọ ihò kejì. Ọkàn mi ò tilẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi èwo ni èwo.

Ìdọ̀tí ẹni tó ti lo dísìkì àlòkù mi tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, mo sì fẹ́ kọ́kọ́ pa á rẹ́ kí àyè lè wà. Mo yan èyí tó wà ní ihò kejì. Ẹ̀rọ bi mí bóyá ó dá mi lójú, pé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ máa lọ. Ó dá mi lójú. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Kò pẹ́ tó fi parí. Mo wá ṣí ihò kìíní kí n máa kó ẹrù Ìyá Pélagie. Orin ẹni tí mi ò mọ̀ rí ni mo bá níbẹ̀, àti àwòrán ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n fẹ́ tà.

Mo jókòó. Mo dìde. Mo tún jókòó.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Àṣìṣe ni ohun tí mo ti ṣe dé ibí yìí, àṣìṣe sì ní àtúnṣe. Pípa rẹ́ kíákíá bẹ́ẹ̀, tí a ń pè ní fọ́máátì, kì í pa nǹkan. Orúkọ tó wà lára ilẹ̀kùn ló ń pa rẹ́, àwọn tó wà nínú ilé ṣì jókòó síbẹ̀. Bí a bá tètè yọ dísìkì náà, tí a ò kọ ohun tuntun lé e lórí, àwọn kan wà ní Kútọnu tó lè pè wọ́n jáde. Mo mọ àwọn ènìyàn náà. Nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù mi.

Ohun tó kù kò ju kí n sọ fún Ìyá Pélagie pé mo ṣì í ṣe, kí a jọ gbé e lọ. Ìtìjú ò jẹ́. Mo ń rò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa dé Ìkpinlẹ̀, bí àwọn ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀, tí mo ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣe máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ìyá Pélagie padà dé, mo ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Mo ní dísìkì náà ti kú kó tó dé ọwọ́ mi, pé iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló pa á, pé mi ò rí ohunkóhun nínú rẹ̀.

Kò pariwo. Ó wò mí. "Ṣé ó dá yín lójú?"

Ìbéèrè tí ẹ̀rọ bi mí náà ni. Èsì kan náà ni mo fún un.

Mo wá ń ṣe aláàánú. Mo fi dísìkì àlòkù mi sínú ẹ̀rọ wọn, mo ní kí ó má san nǹkan kan, pé èmi náà mọ ohun tó ń jẹ́ kí bàbá ẹni kú. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ẹni tó lè bí mi. Lọ́jọ́ ọjà kejì, ó fi kèrègbè epo ránṣẹ́ sí mi. Epo dáadáa ni, tó ń ta sánsán. Mo fi se ẹ̀wà.

Dísìkì wọn wà nínú àpótí tábìlì mi. Mo ń sọ fún ara mi pé bí mo bá ráyè, màá yọ́ gbé e lọ sí Kútọnu, màá wá sọ fún wọn pé Ọlọ́run ló ṣe é. Bí ẹ bá ti rí ẹni tó ń dúró de ìgbà tó máa ráyè, ẹ ti mọ̀ pé kò ní ráyè.

Láàárín ìgbà yẹn, dísìkì tèmi, tó wà nínú ẹ̀rọ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ láti ọdún pípẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í dún kà, kà, kà. Bó ti dákẹ́ nìyẹn. Àwòrán ẹbí mi wà nínú rẹ̀, ti ìsọmọlórúkọ ọmọ mi Fàdílátù pẹ̀lú. Àkókò ìgbéyàwó sì ni. Mo ti ya ti ọmọ alájì kan ní Okò-Àkàrẹ̀, wọ́n ń pè mí ṣáá pé àwọn fẹ́ wò ó. Mo ṣí àpótí tábìlì. Dísìkì ńlá tó le koko wà níbẹ̀, tí kò ṣe ohun kan ju pé ó ń wò mí.

Mo ní ìgbéyàwó kan yìí péré ni, màá yọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ki wáyà iná bọ̀ ọ́, mo ki sátà bọ̀ ọ́, mo da ìgbéyàwó Okò-Àkàrẹ̀ sí i. Ìgbéyàwó mìíràn dé. Ìsọmọlórúkọ dé. Gbogbo wọn ni mo ń kó lé Bàbá Ògúnjọbí lórí, ijó lórí ijó, mo sì mọ ohun tí mo ń ṣe. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mi ò tilẹ̀ rò ó mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Pélagie dé pẹ̀lú bàbá àgbàlagbà kan, Bàbá Fáṣèyí, àbúrò Bàbá Ògúnjọbí, tó jẹ́ olórí ẹbí wọn báyìí. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó bi mí bóyá òkú dísìkì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ló wà nínú rẹ̀," ó ní. "Bí kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, a ò ṣáà ní jẹ́ kó sùn sórí ààtàn. Ẹ fún wa, a ó gbé e sí ojú oórì rẹ̀."

Tiwọn wà nínú ẹ̀rọ lẹ́yìn mi, ó ń yí, ijó ìyàwó Okò-Àkàrẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Mo tẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Mo mú dísìkì tèmi tó kú jáde, mo fi ọwọ́ nu eruku ara rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún àgbàlagbà náà. Ó fi aṣọ funfun wé e.

Wọ́n ní kí n bá wọn dé ibẹ̀, mo sì lọ, nítorí ẹni tó bá kọ̀ ni wọ́n máa ń fura sí. Inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n sin Bàbá Ògúnjọbí sí, bí wọ́n ti ń ṣe nílé wọn. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá Fáṣèyí kúnlẹ̀ pẹ̀lú eékún tó ń dùn ún, ó gbé dísìkì mi sílẹ̀, ó ta ọtí sódábì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohùn yín rèé o. A ò jù ú nù." Ìyá Pélagie ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀ láìpariwo. Èmi ń wo ilẹ̀.

Láìpẹ́, ẹbí jókòó. Ìyá Pélagie sọ pé bàbá ti sọ̀rọ̀ kó tó kú. Pélagie náà sọ ohun tó gbọ́. Fákẹ́yẹ ní ọmọ ń gbè sẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni. Bàbá Fáṣèyí béèrè bóyá ẹnìkan wà tí kì í ṣe ọmọ tí kì í ṣe ìyá, tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n wo ara wọn. Kò sí.

Ẹnìkan wà. Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ní dísìkì ti kú kí n tó rí i, ẹni tí kò rí nǹkan ò lè jẹ́rìí.

Fákẹ́yẹ fúnra rẹ̀ ló wá sọ bí ìjókòó náà ṣe lọ fún mi. Ó gbé àgbébọ̀ adìẹ kan dání. Ó ní òun wá kí mi ni, nítorí èmi ni mo sọ pé ẹ̀rọ ti kú, pé bí kì í bá ṣe tèmi ni, àwọn obìnrin ì bá ti fi sinimá gba ilẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀. Ó so adìẹ náà mọ́ ẹsẹ̀ àga mi, ó lọ. Kò sí ìgbà tí ojú tì mí tó ti ọjọ́ yẹn, síbẹ̀ mi ò gun zẹ́mì lọ sí Kpúlú.

Pélagie ò gbà. Ó sọ fún Bàbá Fáṣèyí pé àwọn kan wà ní Kútọnu tó ń jí òkú dísìkì dìde. Bàbá rò ó, ó gbà, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kúrò lójú oórì. Wọ́n ní àwọn ò ní pín oko títí ọmọ náà fi máa dé.

Ìyá Pélagie ló wá fún mi ní ìròyìn. Inú rẹ̀ dùn. Ó pẹ́ tí mo ti rí i tó rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá wa ṣe àdúà," ó ní.

Mo ní àmín. Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Dísìkì wọn ò tíì kún tán, bóyá nǹkan ṣì kù. Mo ṣírò ọ̀rọ̀ náà: tèmi ti kú pátápátá, wọn ò ní rí nǹkan kan nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì parí síbẹ̀. Èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo ohun tó bá dákẹ́ ló ti kú.

Nígbà tí Pélagie ti Kútọnu dé, wọ́n wá bá mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá àtọmọ. Ìyá ìyàwó kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù, àti tíṣà kan tó ń dúró de ẹ̀rọ rẹ̀. Pélagie kí gbogbo wa dáadáa. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi.

"Tàńtí, ẹ bá mi wo fọ́tò yìí."

Mo wò ó. Èmi ni mo wà níbẹ̀, mo wé gèlè àwọ̀ ewé, Fàdílátù ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ wà lọ́wọ́ mi, ọkọ mi Àkànmú sì di okùn àgbò mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Inú dísìkì bàbá àgbà ni wọ́n ti rí i," Pélagie ní. "Wọ́n pààrọ̀ nǹkan kékeré kan lára rẹ̀, ó jí. Ẹ̀yin ló kún inú rẹ̀. Tàńtí, bàbá àgbà mi dà?"

Tíṣà náà yí ojú sí títì. Ìyá Pélagie jókòó sórí àpótí tó jókòó sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"A ta sódábì fún un," ó ní. "Àbúrò bàbá mi kúnlẹ̀ fún un. Ẹ dúró, ẹ ń wò wá."

Mo pa ẹ̀rọ mi. Mo ṣí ikùn rẹ̀ níwájú gbogbo wọn, mo fa wáyà iná, mo fa wáyà sátà, mo yọ dísìkì wọn fún Pélagie. Ó ṣì gbóná. Ìyá ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé fídíò ọmọ òun ńkọ́. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ láti orí òjò títí dé ibi tí mo dé. Nígbà tí mo sọ pé mo wo fídíò náà, pé mo gbọ́ ohun tí bàbá sọ, Pélagie fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ó gbé e padà lọ sí Kútọnu. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó pè mí. Kò bú mi. Ó ní àwọn ènìyàn náà ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe, pé ìgbéyàwó ti bo gbogbo rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí, ibi tí bàbá ti ń béèrè pé, "Ṣé ó ti ń gbọ́ mi?" Ó gé síbẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé bó bá jẹ́ pé wọ́n gbé e wá kí wọ́n tó kọ nǹkan lé e, gbogbo rẹ̀ pátá ni àwọn ì bá rí. Ó fẹ́ kí n gbọ́ èyí láti ẹnu òun.

Ọjọ́ tí ẹbí tún jókòó, mo lọ sí Kpúlú fúnra mi. Kò sẹ́ni tó pè mí. Mo kúnlẹ̀ láàárín wọn, mo jẹ́wọ́, mo wá sọ ohun tí Bàbá Ògúnjọbí sọ lórí oko, bó ṣe pe orúkọ àwọn bàbá rẹ̀, bó ṣe ní Oyèfúnkẹ́ ni òun fún.

Bàbá Fáṣèyí gbọ́ mi títí dé ìparí. Títí di ọjọ́ náà, "ẹ̀yin" ló máa ń pè mí.

"Mo gbọ́ ohun tí o wí," ó ní. "Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ní ẹ̀rọ kú, kò kú. Ìwọ lo gbé tìrẹ fún mi pé ti ẹ̀gbọ́n mi ni, o sì wò mí tí mo kúnlẹ̀ fún un. Èwo nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni kí n wá fi pín oko?"

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ó bá a lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òtítọ́ yẹn dé, ẹnu mi ló gbà jáde, wọn ò sì gbà á lẹ́nu mi.

Wọ́n pín oko. Fákẹ́yẹ gba àwọn ọ̀pẹ. Wọ́n fún Ìyá Pélagie ní àbàtà etí odò, níbi tí kókò nìkan ti ń hù.

Mo ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í so òwú mọ́ dísìkì àwọn oníbàárà, àwọn díẹ̀ tó ṣì ń wá. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ ọwọ́ wà lọ́wọ́ yín, bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́, ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tó ṣì gbóná. Àṣìṣe mi ò pa ohùn bàbá yẹn. Ohun tí mo fi bò ó mọ́lẹ̀ ló pa á.

Ohun kan ló kù. Lọ́jọ́ tí wọ́n pín oko, nígbà tí mo dìde láti máa lọ, Ìyá Pélagie dìde pẹ̀lú. Lọ́dọ̀ wa, bí àlejò tilẹ̀ ṣẹ ni, a ṣì máa ń sìn ín dé ojú ọ̀nà. A rìn lábẹ́ àwọn ọ̀pẹ tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

"Sọ ọ́ fún mi," ó ní, "bó ṣe sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ fìlà tó tẹ̀, mo sọ orúkọ àwọn bàbá, mo sọ oko. Mo wá rántí ibi tó ti sinmi tó tún sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mi ò sọ ọ́ níwájú àwọn àgbà, nítorí kò kan ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Bàbá ní, "Ẹ sọ fún Oyèfúnkẹ́ pé mo rí gbogbo ohun tó ń ṣe. Mi ò sọ ọ́ fún un rí, ṣùgbọ́n mo rí i."

Ó dúró. Ó fi ọwọ́ kan ara ọ̀pẹ kan.

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ. A dúró síbẹ̀ títí zẹ́mì fi dé, mo ń sọ ọ́, ó ń gbọ́. Nínú gbogbo ènìyàn tó jókòó ní Kpúlú lọ́jọ́ yẹn, ẹni tí mo ba ayé rẹ̀ jẹ́ nìkan ló gbà mí gbọ́.